Kọ̀ǹpútà Bàbá Toheebat

Kó má jẹ́ mẹ́sàn-án. Kó jẹ́ mẹ́jọ. Ọlọ́run, mẹ́jọ péré ni mo fẹ́ kà… Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta — mo tún ti ka ẹyọ dúdú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tiẹ̀ rán mi ní kíkà? Kí n dá ìdérí kọ̀ǹpútà yìí padà, kí n jáde lọ bá ìyàwó Ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí níta, kí n ní kò wúlò. Ó parí. Bí mo ṣe wí lọ́jọ́ sí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan.

Mo ti fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé. Gbogbo Ìlarò ló mọ̀ pé Kòkúmọ́ kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, ooru á pa á. Ooru ń pa mí lóòótọ́. Ìyá Toheebat ò kánjú. Sùúrù obìnrin yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ nígbà tí ọlọ́kadà sọ ẹ̀rọ yìí kalẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣì lè wúlò fún Toheebat, bí kò bá wúlò, kí n gbé e fún Àúdù tó ń ra irin." Toheebat ti wọ Póòlì, iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló ń kọ́, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ní kí oníkálukú wá ẹ̀rọ tí yóò fi máa ya àwòrán ilẹ̀.

Ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé wa, torí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí. Ó ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ̀ ńkọ́…

Kó mọ kí ni? Ẹ̀rọ tó kú ló kú. Ṣebí mo wò ó nígbà náà. Mo wò ó —

Irọ́ ni. Mi ò wò ó.

Ọdún méjì rèé. Ẹ̀gbọ́n mi Ògúnníyì dá lọ sí Kùtọnu, kò sọ fún mi. Èmi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá, tí a jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà! Ó kàn gbé àpótí dúdú ràgàjì kan dé, ó ní wọ́kísítéṣọ̀n ni, kọ̀ǹpútà alágbára, pé ọpọlọ méjì ló ní, pé àwọn tó ń ya àwòrán ilé nílùú Faransé ló lò ó tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó. Èmi náà ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí ké pí-pí-pí, tí ojú rẹ̀ ò là mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sórí tábìlì yìí. "Kòkúmọ́, wò ó dáadáa, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi." Wò ó dáadáa…

Bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín ni mo ṣe é. Ẹ̀rọ tó bá ń ké pí-pí-pí, a ó yọ gbogbo mẹ́mórì inú rẹ̀, àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rántí nǹkan, a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù sí i, èyí tó dá wa lójú pé ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì ń ké, ẹ̀rọ ti kú nìyẹn. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo fi ti ṣọ́ọ̀bù sí i, ó ké. Mo kó tirẹ̀ padà sínú rẹ̀, mi ò tiẹ̀ jókòó. Mo ní, "Ó ti kú, Ẹ̀gbọ́n mi. Pàǹtí ni wọ́n tà fún yín ní Kùtọnu."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tún mú ọ̀nà Kùtọnu pọ̀n, kó lè wá òmíràn kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má bàa bọ́. Nígbà tó ń bọ̀, kò ju ìrìn díẹ̀ sí Ọjà-Ọ̀dàn, tírélà kan… Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ìyá Toheebat kò sunkún lójú mi. Èmi ni mo sunkún. Èmi ni wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún!

Ọmọ́délé ló kó bá mi. À bá má ti pàdé lóṣù tó kọjá. A jọ kọ́ṣẹ́ ni, Abẹ́òkúta ló wà báyìí, ó sì tú irú ẹ̀rọ yìí níwájú mi. Ó ní kí n ka ẹyọ dúdú kéékèèké tó wà lára mẹ́mórì. Mẹ́jọ ló wà lára ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ti wọ́kísítéṣọ̀n, mẹ́sàn-án ni, ẹ̀kẹsàn-án ló ń ṣọ́ àwọn mẹ́jọ tó kù kí wọ́n má ṣìṣe. Ó ní irú ẹ̀rọ yìí, bí o fún un ní ti ọ́fíìsì, irú ti ṣọ́ọ̀bù mi, á ké dọ̀la, kò ní gbà á, kì í sì í ṣe pé ó kú. Ọmọ́délé ń ṣàlàyé, ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rò.

…méje, mẹ́jọ…

Mẹ́sàn-án.

Ó dáa. Ó dáa náà. Ṣé ìyẹn wá ní kó má tíì jóná? Ìdọ̀tí ti kún inú rẹ̀, aláǹtakùn ti kọ́lé sídìí fáàn. Ó lè ti jóná tipẹ́. Kí ni mò ń ṣe yìí? Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gbàdúrà kí kọ̀ǹpútà kú… Mẹ́mórì tirẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kí n yọ gbogbo wọn, kí n máa dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ rèé. Pí-pí-pí. Háà, ọpẹ́ ni fún — rárá, Kòkúmọ́, yọ ọ́, fi ìkejì sí i. Fi sí i.

Fáàn ń yí. Kò ké.

Ojú rẹ̀ là. *Bienvenue*, ló kọ, ó ń kí mi káàbọ̀ ní Faransé, orúkọ Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ rẹ̀. Kí n fi ìkẹta sí i. Ó gbà. Ìkẹrin. Ó gbà. Mẹ́mórì kan ló bàjẹ́ nínú mẹ́rin. Gbogbo àìsàn rẹ̀ nìyẹn, ohun tí mo lè yọ dànù láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ta ló fẹ́ dá mi lẹ́bi? Mi ò mọ̀ nípa mẹ́sàn-án, ọ̀gá mi ò kọ́ mi…

Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án kọ́ ló jí i lónìí. Dídá tirẹ̀ padà níkọ̀ọ̀kan ló jí i, mo sì mọ ìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Mò ń ṣe é fún àlejò. Olùkọ́ kan gbé tirẹ̀ wá láti Ìmẹ̀kọ lọ́dún yẹn gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Fún ọmọ ìyá mi, mi ò jókòó. Torí pé… sọ ọ́. Inú mi dùn pé ó bàjẹ́. Mo ti ń retí kó bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé. Kì í ṣe àìmọ̀kan.

Ìyá Toheebat ń wúkọ́ níta. Bí mo bá ní kò wúlò, á dúpẹ́, á gbé e fún Àúdù, Toheebat á wá òmíràn lọ. Níbo? Ní Kùtọnu náà. Bí mo bá ní ó wúlò, obìnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, á bi mí pé ìgbà tí mo ní ó ti kú ńkọ́.

Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn. Kí n sọ ọ́ kó tó bi mí. Ó wúlò, Ìyá Toheebat. Lọ́jọ́ tí ọkọ yín gbé e wá bá mi náà, ó wúlò.