Kẹ̀kẹ́ Aṣáájú

Ọkọ mi kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Kì í ṣe pé ó máa ń ṣubú o. Ó lè jókòó lé e, kó fi ẹsẹ̀ yí i, kó sì dé ibi tó ń lọ bí gbogbo ọmọ aráyé ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ ìje onípele mẹ́ta, tó sì gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, olówó orí mi ti gbà pé ohun kan ṣoṣo tó ń dí òun lọ́wọ́ àtidi ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni pé òun kò tíì ní kẹ̀kẹ́ tó dáa.

Ìje náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún odò láàárọ̀, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ títí oòrùn á fi kan àtàrí tí á sì tún rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ sáré ọ̀nà jíjìn tí ẹlòmíràn kò lè rìn. Òfin gbà kí ẹni mẹ́ta pín in ṣe, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kò bá tíì dé. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá pẹ́ jù, wọ́n á fa okùn dí ọ̀nà, ẹni tó yẹ kó sáré á sì kó bàtà rẹ̀ lọ sílé.

Ọmọ wa obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ náà wọlé. Eré sísá ni tirẹ̀ láti kékeré. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, ó ti fi ọ̀pá rìn, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn lákọ̀tun bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ògiri. Nígbà tí dókítà wá sọ pé ó lè sáré, ìje yìí ló ní òun fẹ́ fi padà. Kò bá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní. Ó kàn fẹ́ lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà, kó sá a tán, kó lè mọ̀ pé ara òun ti padà di ti òun. Èmi ni màá lúwẹ̀ẹ́, torí iṣẹ́ mi ni. Mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, dókítà eyín, tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, ni ọmọ náà fẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́.

“Ṣé mo ti kú ni?” ni ọkọ mi wí.

Bó ṣe gba ipò àárín nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ tẹ aṣọ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n kọ AṢÁÁJÚ sẹ́yìn tirẹ̀. Èmi àti ọmọ mi kò pè é ní nǹkan míì mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò mi kò bínú. Ó mú Aṣáájú lọ sí ìsọ̀ oníkẹ̀kẹ́, ó bá a wá ọ̀kan tí ọwọ́ rẹ̀ ga díẹ̀, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí èèyàn lè jókòó lé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ̀yìn má sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, èyí lẹ máa lè gùn dópin,” ló sọ fún un. Ọkọ mi wo kẹ̀kẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n fún un ní ṣòkòtò àlòkù. Ó ní kẹ̀kẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Òun ti rí tòun lórí fóònù: dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń gbégbá orókè ń dùbúlẹ̀ lé bí alángbá. Ó ti yan àwọ̀ rẹ̀ kó tó béèrè bóyá ó bá ẹsẹ̀ òun mu.

Kò tiẹ̀ rà á ní odindi. Ó ní òun ni òun máa tò ó. Báyìí ni egungun kẹ̀kẹ́ dé, tí fọ́ọ̀kì tó ń di táyà iwájú mú dé, tí ṣéènì dé, tí gbogbo wọn gba orí tábìlì oúnjẹ mi, tí àwa sì ń gbé abọ́ lé itan jẹun. Wíìlì ẹ̀yìn kò ní wáyà kankan. Ó dí pa bí ọmọrí ìkòkò. Bí àlejò bá wọlé, Aṣáájú á fi ìka gbá a, á ní, “Ẹ gbọ́ dídún ẹ̀.” Àlejò á gbọ́ dídún ẹ̀. Ó gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó fi ń wọn nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kẹ̀kẹ́ má baà wúwo, ikùn tirẹ̀ sì ń yọjú wò ó láti abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. N kò rí ọkùnrin tó ń fi ojú wá ẹrù kiri báyìí rí, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an lẹrù.

Ó wá ku ọrùn fọ́ọ̀kì. Èyí ni ọ̀pá tó jáde sókè láti inú fọ́ọ̀kì, òun ni wọ́n ń de ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó máa ń gùn bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, wọ́n á sì to òrùka sí i nídìí kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè ga. Ẹni tó bá gbọ́n á gùn ún báyìí fún oṣù díẹ̀ lójú títì, á máa yọ òrùka kọ̀ọ̀kan kúrò bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe ń gbà á, ìgbẹ̀yìn ni yóò gé èyí tó bá ṣẹ́kù. Ìdí ni pé wọ́n lè gé ọrùn kúrú, kò sẹ́ni tó lè fà á gùn. Àbúrò mi sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wà nínú ìwé tó bá fọ́ọ̀kì wá pẹ̀lú, lẹ́tà gàdàgbà. Aṣáájú kọ etí ikún sí i.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó mú ayùn wọlé.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e jáde,” ni ọmọ náà wí. “Inú yàrá nìkan lẹ ti ń gùn ún.”

Òótọ́ ni. Ó ti de kẹ̀kẹ́ náà mọ́ orí ẹ̀rọ kan tó ń yí táyà lójú kan, ó gbé fáànù síwájú, ó ń gùn ún níwọ̀n ìgbà tí orin bá ṣì ń dún. Orin tán, ìrìn àjò parí.

“O ò rí i bó ṣe nàró bí ọrùn ògòǹgò?” ni Aṣáájú wí. “Ṣé o rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe?”

Mo ní, “Dádì, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ fi ọrùn ọlọ́rùn sílẹ̀.”

Ó gé e. Ó gé e kanlẹ̀, kò ṣẹ́ku òrùka kan. Eruku dúdú dà sórí aṣọ tábìlì mi. Ó de ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó ya fọ́tò. Kẹ̀kẹ́ náà rẹwà, n kò ní purọ́. Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò yẹn ló kí i, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó máa bá a gùn ún.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ojú títì, ó padà wálé kí ìrẹsì tó jinná, ọwọ́ méjèèjì ń bẹ lẹ́yìn ìbàdí. Bó bá dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ikùn á ká a mọ́ itan. Bó bá fẹ́ wo iwájú, ọrùn á ké. Ó ní ìjókòó ni kò dáa. Ó pààrọ̀ ìjókòó. Ó ní bàtà ni. Ó pààrọ̀ bàtà. Gbogbo nǹkan ló pààrọ̀ tán, àfi èyí tí kò ṣeé pààrọ̀ mọ́, torí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀kì yẹn kò ṣe irú ẹ̀ mọ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ míì kò sì wọ̀ ọ́. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ ni. Ọkọ mi kò tiẹ̀ lágbára.

Àbúrò mi gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá. Ó ti gbé ọwọ́ rẹ̀ ga, ó ti wọn ẹsẹ̀ ọkọ mi sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Èmi á mọ̀,” ni ọkọ mi wí, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi bá mi nínú ilé ìdáná, ó ní kí n bá òun bẹ Dádì kí wọ́n yọ̀ǹda ipò náà fún Àǹkù. Mo bẹ̀ ẹ́. Aṣáájú ní àwa méjèèjì ti ń fojú kéré òun nínú ilé yìí. Mo ní, “A ò fojú kéré yín, ẹ̀yìn yín là ń wò.” Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ ìje pé. Mo jáde nínú omi kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde. Mo sáré dé ibi tí ọkọ mi dúró sí, mo tú okùn tí wọ́n fi ń ka àkókò kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti dè é mọ́ tirẹ̀. Ó ní kí n rọra, kí n má ta omi sí kẹ̀kẹ́ òun.

Ó gorí rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọjá níwájú àwọn ayàwòrán. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo rí i tó ń na ọrùn bí ìjàpá.

Lẹ́yìn ọ̀sán, fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, ó ti lọ dúró lójú ọ̀nà láti pàtẹ́wọ́ fún un.

“Sìsítà mi, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ o.”

“Ṣé wọ́n ṣubú ni?”

“Rárá o. Wọ́n na ẹ̀yìn sórí koríko. Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà.”

N kò sọ fún ọmọ mi. Ó ti wà nínú ọgbà tí àwọn tó máa sáré ti ń dúró, nọ́ńbà ti wà láyà rẹ̀. Nígbàkígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan bá yọ, á dìde lórí ìka ẹsẹ̀, á wò ó, á tún jókòó. Wọ́n ń dé, wọ́n ń tú okùn fún ara wọn, àwọn tó yí i ká ń jáde sáré lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbà náà ṣófo díẹ̀díẹ̀. Mo ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n, ó sì gbọ́.

“Mọ́mì, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n á dé. Wọ́n mọ̀ pé mò ń dúró.”

Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo aago, ó wo ọmọ mi, ó tún wo aago náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, “Má bínú, ọmọ mi.” Ó fa okùn dí ọ̀nà.

Ọmọ mi kò sunkún. Ó yọ nọ́ńbà kúrò láyà, ó ká a kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ bọnú bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kò tiẹ̀ dùn mí rárá, Mọ́mì,” ló wí. “Orúnkún yìí. Látàárọ̀.”

Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó bá dákú sọ́nà ló gbé Aṣáájú dé. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, torí ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà wá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ kọdọrọ. “Atẹ́gùn ọ̀hún kì í ṣe kékeré,” ló sọ. Ó gbá ọmọ náà léjìká. “Má ṣèyọnu. Ìrírí ni.” Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí i, gbogbo èyí tó wá sí mi lẹ́nu ló jẹ́ èyí tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Tábìlì oúnjẹ ti padà di tiwa, a ń jẹ búrẹ́dì lórí rẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kan. Ọkọ mi gbé fóònù dání, ojú rẹ̀ ń dán.

“Mo ti rí ibi tí àṣìṣe wà,” ló wí. “Wíìlì iwájú ni. Wọ́n ti ṣe òmíràn jáde. Tó bá máa di ọdún tó ń bọ̀, tí àwa bá...”

“Àwa wo, Dádì?”

Ọmọ náà kò gbé ohùn sókè. Ó ń pa bọ́tà sára búrẹ́dì, ó rọra ń pa á dé etí. “Èmi, Mọ́mì àti Àǹkù ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ ó wá pàtẹ́wọ́ fún wa.”

Ọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo ojú mi, pé kí n bá òun dá sí i. Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń bú ọkùnrin yìí nínú ikùn, mo sì rò pé inú mi á dùn bí ọjọ́ yìí bá dé. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, inú sì bí mi pé ó ṣe mí. Mo na ọwọ́ mú bọ́tà.