Ọjọ́ Tí Mọ́tò Wa Wọ̀yá Ìjà

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó kàwé tí kò sì gbọ́n, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ wá sí ilé wa ní Ọ̀fà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ ó bá Barnabas ọkọ mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, oúnjẹ á ti tutù lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà, tí kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò bá sí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, òun náà ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Habeeb jáde láìbéèrè òǹtẹ̀ kankan.

Habeeb ni olóòtú ètò tí wọ́n ń pè ní Ìjàkadì Mọ́tò. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: á ní kí ọkọ̀ méjì kọ ẹ̀yìn síra, wọ́n á fi okùn irin so wọ́n pọ̀, wọ́n á fi eérú fa ìlà sáàárín wọn, awakọ̀ méjèèjì á sì tẹná mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wọ́ ìkejì rẹ̀ kọjá ìlà eérú ló dá a. Habeeb á wá di dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó borí mú, bí ẹni ń na ọwọ́ ajàkadì sókè, á ní, “Ẹ̀yin ará, ojú yín ló ṣe! Ọkọ̀ gidi rèé. Èyí tó ṣubú yẹn, ẹ tà á fún àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù.”

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀. Habeeb náà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ti gbé ìjàkadì síwájú ọmọ Ọ̀fà, kò ní béèrè ohunkóhun mọ́.

Èmi Roseline, sáyẹ́ǹsì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé, mi ò sì lè jókòó ti irọ́ kí n dákẹ́. Mo bi ọkọ mi léèrè pé ta ló ń fi ọkọ̀ wọ́ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ṣé ọkọ̀ tó borí yìí máa ń dúró bí wọ́n bá tẹ bíréèkì rẹ̀? Ṣé kì í mu epo bí ọ̀mùtí? Habeeb ò sọ ìyẹn, wọn ò sì bi í.

“Mummy Ayọ̀,” ni Barnabas wí, “ṣé gbogbo nǹkan lẹ̀yin tíṣà gbọ́dọ̀ sọ di kíláàsì ni? Jẹ́ kéèyàn rẹ́rìn-ín o.”

Mi ò ní kó má rẹ́rìn-ín. Bí aláwàdà bá ní aláwàdà lòun, màá jókòó tì í, màá bá a rẹ́rìn-ín dọ́ba. Èyí tí mi ò fẹ́ ni aláwàdà tó ń fún mi nímọ̀ràn ọkọ̀ tí màá rà.

Ìyá mi gan-an kò gbè mí. Láti Ìjàgbó la ti mú un wá, nítorí pé awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, òjìji lásán ló kù tó ń rí. Ṣùgbọ́n bó bá di Ọjọ́bọ̀, á ní kí wọ́n gbé àga òun sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á dẹ etí, á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹni tó ríran tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Àna mi, ta ló ń wọ́ ta báyìí?” Barnabas á máa ròyìn fún un bí ẹni ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lórí rédíò. Ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí, Habeeb ló dá a sílẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú Màmá yìí ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Dókítà kan tó máa ń wá sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Mọ́ńdè. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí kò bá dé láàárọ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ìbàdí Màmá kò sì gba kó máa fún ara rẹ̀ mọ́ inú bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ wa ló máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ọkọ̀ náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni Habeeb gbé ojú lé wa lára nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlemọ̀nà! Mo gbọ́ pé orí àga nìkan lẹ ti lágbára. Ta ni nínú yín tí ọkọ̀ rẹ̀ lè kojú Àjànàkú mi?” Àjànàkú ni píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó, tó máa ń gbé wá sórí pápá.

Barnabas fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta.

“Daddy Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ rántí Mọ́ńdè.”

“Wọ́n pè mí jà lójú gbogbo ayé, o ní kí n jókòó! Ọmọ Ọ̀fà kì í sá fún ìjàkadì. Kò ní pẹ́ rárá. Ọkọ̀ á ti sinmi tó kó tó di Mọ́ńdè.”

“Fi í sílẹ̀, Rósì,” ni Màmá wí láti orí àga. “Jẹ́ kó lọ dá a fún wa.”

Ìyá mi o, tí mo ń torí ojú rẹ̀ jà! Inú bí mi débi pé mo wọ kíṣíìnì lọ, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ní Sátidé, pápá tó wà lódìkejì ojú irin kún bámúbámú. Ọlọ́kadà pa iṣẹ́ tì, akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé tì. Habeeb wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi ẹfun kun àyà, ó ń fò kiri níwájú kámẹ́rà. Àjànàkú dúró gbagidi, wọ́n ti fi tapólì búlúù bo ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin. Ọkọ̀ wa kékeré, tí kò gbé ohun tó ju àwa àti Bíbélì wa lọ rí, dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Wọ́n fọn fèrè. Barnabas tẹná. Ọkọ̀ ké, táyà ń gbẹ́ ilẹ̀, erukù bo gbogbo wa. Àjànàkú kò mira.

“Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Bàbá!” Habeeb pariwo. “Bó bá ṣe ń ké tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ṣe ń jáde tó!”

“Irọ́ ni!” Èmi náà pariwo. “Ooru ló ń jáde! Ọkọ̀ tó ń ké tí kò rìn, ara rẹ̀ ló ń sè!” Ta ni yóò gbọ́? Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Òórùn kan ta sí mi nímú, bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ọkọ̀ wa, gbogbo ojú sì yí síbẹ̀. Ìgbà náà ni Àjànàkú fò síwájú, tapólì ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó sì wọ́ ọkọ̀ wa kọjá ìlà eérú bí àgbò Iléyá tí kò fẹ́ lọ.

Wọ́n tú okùn. Barnabas ki gíà bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mẹkáníìkì wa yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Gíà ti jóná, Daddy. A máa wá òmíràn ni.” Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ ni. Mo sọ ọ́ sí ọkọ mi létí lójú ẹsẹ̀, mi ò sì fi ohùn kékeré sọ ọ́.

Mo bá Habeeb níbi tó ti ń nu ẹfun nù. “Ṣé o mọ̀ pé irú gíà ọkọ̀ wa yìí kò lè gba irú fífà yẹn?”

Kò parọ́ fún mi, kí n má purọ́ mọ́ ọn. “Mo mọ̀, mà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́.”

“O mọ̀, o ò sì sọ?”

“Mummy, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, bí èèyàn ṣe ń yẹ bíréèkì wò ni mo fi ń kọ́ wọn. Mo tú táyà níwájú kámẹ́rà, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi gbẹ. Ṣé ẹ wò ó?”

Mi ò wò ó. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe irú rẹ̀ rí.

“Ẹ ò rí i? Ẹ̀rín lẹ̀ ń fẹ́, òun náà ni mo ń tà.”

“Lóòótọ́, mi ò wò ó,” mo ní. “Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń kọ́ wọn ní bíréèkì, ọkọ mi ní ọkọ̀.”

Habeeb bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹni tó gbé kámẹ́rà. “Ṣé o ká ìyẹn sílẹ̀? Ìyẹn dùn gan-an!”

Ní Mọ́ńdè, kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé gáréèjì. Bọ́ọ̀sì kò tètè kún. Nígbà tó kún, Màmá wà láàárín wa bí ìwé inú dúróò, ó ń kérora ní gbogbo ibi tí kòtò bá wà, kòtò ò sì wọ́n lọ́nà Ìlọrin. Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí a dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́, ká padà wá lẹ́ẹ̀mí-ìn.

Màmá di etí aṣọ mi mú. Mo rò ó pé ìyá mi yóò tún fi odidi ọdún kan máa fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà kiri, nítorí eérú àti okùn irin, omijé sì bọ́ lójú mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ gbì. Barnabas ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, níwájú nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà tí kì í ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ akọ kankan. “Ẹ ṣàánú wa, ẹ̀bi mi ni,” ló ń wí. Nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀ kó dìde, kò dìde. Ọmọbìnrin náà wọlé lọ, ó jáde, ó ní dókítà yóò ṣe ojú kan fún Màmá lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo dárí ji ọkọ mi díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti tú báńdéèjì, ojú Màmá kan ti là. Barnabas kò fẹ́ tan tẹlifíṣọ̀n rárá. Màmá ló ní dandan ni. “Ẹ tan Habeeb fún mi. Mo fẹ́ mọ ojú ẹni tí mo ti ń bá rẹ́rìn-ín.”

Ìjà wa ni wọ́n fi hàn. Wọ́n ti fi orin sí i. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Habeeb sí i, pẹ̀lú ẹ̀rín àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Habeeb ń pariwo agbára, ọkọ̀ wa ń ké. Màmá kò rẹ́rìn-ín rárá, ó na ọrùn síwájú.

“Àna mi, kí ni àwọn àpò yẹn?”

“Àpò wo, Màmá?”

“Èyí tí wọ́n tò sẹ́yìn ọkọ̀ Habeeb. Afẹ́fẹ́ ti gbé aṣọ búlúù yẹn kúrò lórí wọn.”

A wò ó. Àpò símẹ́ǹtì ni, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn dé ìdajì ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ní òun ló tẹ táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò fi yọ̀. Barnabas tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó pàdé olè tó jà á lólè, tí olè náà sì ń kí i.

“Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀,” ló wí. “Gbogbo wa la wà níbẹ̀.”

“Ẹ pa ohùn rẹ̀,” ni Màmá wí. “Ẹnu ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí ẹ ríran.”

Barnabas mú rìmóòtù, ó pa ohùn. Habeeb ń fò sókè, ó ń la ẹnu, kò sì sí ohun tó ń jáde. Nínú àwa mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlemọ̀nà.