Olóyè Adégòròyè Lọ Gba Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Nọ́wè

“Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí mọ́tò tó dé,” ni Olóyè Adégòròyè wí fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó jókòó yí i ká. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ lọ bẹ ìjọba pé kó ya ìlú wọn, Ìdí-Ògùngùn, kúrò lára ìlú kejì, kó fún wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Ta ni yóò ṣe alága? Olóyè ti rán fìlà ọjọ́ ìbúra sílẹ̀.

Nínú àlá ọ̀hún, ó bá ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, lórí yìnyín, tòun ti agbádá. Òtútù ò mú un. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ẹkùn ilẹ̀ léfòó sójú omi bí igbá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ingeborg ń fi sísọ́ọ̀sì gé àwòrán ilẹ̀ Nọ́wè lórí tábìlì.

“Ẹ rọra o, mà á,” ni àwòrán ilẹ̀ náà wí. “Ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ò tíì jiná.”

Olóyè kí àwòrán náà, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

“Èwo nínú ẹ̀? Len ni wọ́n ń pe ẹkùn ilẹ̀ mi kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ọba tó ń gbé Dẹ́nmáàkì, tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà, ní rárá, amt ni. Nígbà tó di ọdún 1919, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní fylke ló bá àwọn lára mu. Òkè kan náà, òtútù kan náà. Àwọn tó ń kun pátákó orúkọ nìkan ló ń jèrè.”

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni gómìnà mẹ́ta wọ kóòtù òtútù kan ṣoṣo wọlé. Østfold, Akershus àti Buskerud ni wọ́n ń ṣojú fún. Ìjọba ló so wọ́n pọ̀ lọ́dún 2020, tó pè wọ́n ní Viken.

“Ẹ kú ìrẹ́pọ̀ o,” ni Olóyè wí.

“Ìrẹ́pọ̀ wo?” ni ọ̀kan dáhùn. “Èmi ni mo ni apá ọ̀tún!”

“Ta ló wá ni bọ́tìnnì?” ni èkejì jágbe.

Kí Olóyè tó mí, wọ́n ti di ewúrẹ́, oníkálukú ń fà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ingeborg wò wọ́n fún ọdún mẹ́rin, ó tú kóòtù náà, wọ́n tú ká.

Olóyè rí i pé àyè ti yọ. “Mà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé díẹ̀ fún èmi náà. Kò dìgbà tó bá tóbi.”

“Ẹ dúró síbi tí ẹ fẹ́ kí n gé.”

Ó gun tábìlì, ó dúró sáàárín gbùngbùn, kí gbogbo ayé lè rí fìlà rẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni obìnrin náà gé. Ilẹ̀ là sí méjì, Olóyè ń já bọ́ sáàárín.

“Ta ni alága ibí?” ló ń bi wọ́n bó ti ń lọ sísàlẹ̀.

“Ìwọ náà ni!” ni àwọn ewúrẹ́ dáhùn látòkè. “Ṣé ẹlòmíì wà níbẹ̀ ni?”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ń tún fìlà ṣe títí ó fi jí.

Ibi tó bá àlá náà dé fún ìgbìmọ̀ nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ipò ti jẹ́ tiẹ̀. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé nígbà tó lajú, ó há sáàárín bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n so pọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì kékeré ò yẹ olóyè. Morọ́lákẹ́ aya rẹ̀ dúró tì í, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Olóyè, tí mo bá yà wọ́n, ẹ ó bálẹ̀. Tí mo bá tì wọ́n pọ̀, wọ́n á fún yín pa. Èwo ni kí n ṣe?”

Láti ọdún gbọọrọ ló ti ń pariwo ìyapa kiri ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní kí Morọ́lákẹ́ kọ́kọ́ bá òun mú fìlà wá.