Ìpín Tí Mo Lọ Gbà ní Ọ́fíìsì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, bí mo sì ṣe lá a ni n ó ṣe rò ó fún yín.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ àná ni bàbá Ìbídùn ń mú ọmọ mi bọ̀ láti ọsíbítù. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé oògùn ìfọlé olóòórùn líle tí mo máa ń rà wà lára ohun tó ń há ọmọ náà láyà. Mo bá kó gbogbo ike rẹ̀ dànù. Mo ní n ó po tèmi, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Mo po ọṣẹ dúdú mọ́ omi gbígbóná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo da iyọ̀ lé e. Mo fọ pálọ̀, mo fọ yàrá, mo fọ ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ògiri bàlùwẹ̀ tó ti bu nìkan ló kù, ewé ìpín, èyí tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò, ló sì lè ràn án. Mo já a wá, mo kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìnkùlé, mo fara ti ògiri díẹ̀. Oorun gbé mi lọ.

Nínú àlá, ewé ò sí níbẹ̀ mọ́. Kànìnkànìn mi ló jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ìbídùn, ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń gba ìpín báyìí. Ẹ yára, wọ́n fẹ́ ṣíwọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bèèrè ọ̀nà. Ó ní kí n gba inú garawa kọjá. Mo gba inú garawa kọjá.

Ọ́fíìsì náà léfòó lójú òfurufú, orí ọṣẹ tó hó ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá sín, yàrá kan a bẹ́, àwọn akọ̀wé a sì gbé tábìlì wọn lọ sí yàrá kejì láìbínú.

Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù gbójú sókè. “Kí lẹ wá gbà, Màmá?”

Mo kúnlẹ̀. “Ìpín ni, sà.”

“Háà, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú, sà.”

“Kí lẹ wá fẹ́ pín?”

“Mi ò fẹ́ pín nǹkan kan. Ìpín tí wọ́n fi ń fọ nǹkan ni. Kí ẹnikẹ́ni má bàa kú ni mo ṣe wá.”

Ó mi orí. “Kò sí òkú, kò sí ìpín. Òfin ni. Ẹ lọ mú òkú yín wá, kó wá tẹ̀ka.”

Inú bí mi. Mo ní, “Sà, èmi kọ́ ni ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ọkọ mi wà láàyè, ọmọ mi wà láàyè, ìdọ̀tí nìkan ni mo fẹ́ kó kú. Mi ò ní kúrò níbí.”

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí tí mi ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí jáde látinú dúrọ́ọ̀. “Ìpín tiwa dà?” Mo ní kí wọ́n tò sẹ́yìn mi. Wọ́n tò.

Ọ̀gá fọwọ́ yún orí, ìwo méjì yọ níbẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i. Kó tó pa fáìlì dé, ó ti di òbúkọ. Mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

“Ẹ kú ìyípadà, sà. Ewé ni mo ń wí látàárọ̀.”

“Ewé kẹ̀? Ẹ ò ṣe tètè sọ?”

Ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ yọ. Ewé ìpín kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Inú mi dùn, àfi bó ṣe ki orí bọ̀ ọ́ tó ń jẹ ẹ́. Mo gbá a nírùngbọ̀n mú.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ tu ú! Ìrọ̀lẹ́ yìí lọmọ ń bọ̀! Ẹ tu ú, sà!”

Ẹ̀rín ló jí mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, irùngbọ̀n òbúkọ Bàbá Àjàsá, aládùúgbò wa, ló wà lọ́wọ́ mi, ewé ìpín mi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, mo ṣì ń pè é ní sà. Ìbídùn àti bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀ tí mo fọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí nínú ilé wa, ikọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Mo ń retí ikọ́. Bàbá rẹ̀ ń retí ikọ́.

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, ẹ tún bẹ̀ ẹ́ sí i.”