Kọfí Tó Kúnná Jù

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọfí ń kùn, ó ń gbọ̀n lórí tábìlì, síbẹ̀ ẹ̀kán-ẹ̀kán ni kọfí ń kán sínú ife. Ó dúdú, ó ń fà bí ikun imú. Àdúràọlá gbójú kúrò.

"Ṣé ohun tí o ní kí n dúró dè nìyí?" bàbá rẹ̀, Dáramọ́lá, bi í. Ó ti wọ bàtà oko. Dáníẹ́lì agégẹdú sì ti wà lórí ọ̀kadà níta pẹ̀lú ayùn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ lọ gé gbogbo igi kọfí tí bàbá àgbà gbìn sí Ìkòyí, abúlé wọn, kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àdúràọlá ló bẹ̀bẹ̀ pé kí Bàbá kọ́kọ́ tọ́ kọfí náà wò, torí láti kékeré ni Bàbá ti ń tà á láì mu ún rí. Nítorí èyí ló ṣe gbé ẹ̀rọ wá láti Àbújá.

Bàbá mu díẹ̀, ó sáré dé ojú fèrèsé, ó tu ú dànù.

"Ewúro sàn jù ú lọ! Ó jóná, ó tún ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun."

"Okun o, Bàbá!" Dáníẹ́lì fi ìkíni ìlú wọn kí i láti ìta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé àgbo ni wọ́n ń fún yín?"

Àdúràọlá náà tọ́ ọ wò. Ó ti dín kọfí kù, ó ti dín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú abọ́ ẹ̀rọ kù, pàbó ni. Ó yọ abọ́ oníhò inú ẹ̀rọ. Ohun tó wà níbẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí amọ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti lọ kọfí yìí?"

Zipporah, ìyá rẹ̀, yọ láti ilé ìdáná tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ìlọlùbọ́ ni. Mo ní kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún jọ̀ ọ́!"

"Kí ni wọ́n lọ̀ ṣáájú tiwa?"

"Láfún. Kí ni wọn ìbá tún lọ̀?"

"Láfún ti di ẹ̀kọ nínú rẹ̀, Màmá. Kọfí náà sì kúnná jù, omi ò rọ́nà gbà."

"Èmi kọ́ ni máa gbé ohun tí kò kúnná fún ọkọ mi. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí."

Àdúràọlá da gbogbo rẹ̀ sórí ààtàn. Èèyàn ká a, ó sá a, ó yan án. Àṣehàn ló bà á jẹ́.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ló ṣẹ́kù tí wọn kò tíì lọ̀. Ó gún un lódó, ó dáwọ́ dúró nígbà tí kò tíì kúnná. Ìyá rẹ̀ pòṣé. Àdúràọlá fọ abọ́ náà, ó rọra tẹ kọfí sí i, ó tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣàn, tín-ínrín, láì já.

Bàbá gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún. Kò tújú ká, ṣùgbọ́n ó mu ún tán.

"Ó ṣì korò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n kò rí mi lára." Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Dáníẹ́lì! Ẹ̀bá odò nìkan la ó gé. Má fọwọ́ kan ti òkè."

"Gbogbo rẹ̀ lẹ sọ lánàá, Bàbá," Dáníẹ́lì fèsì.

"Èyí ni mo sọ lónìí."

Ẹ̀bá odò ju ìdajì oko lọ. Àdúràọlá wé gèlè rẹ̀ mọ́rí gírígírí.

"Mò ń bá yín lọ, Bàbá. Èmi ni máa fi ibi tí ẹ̀bá odò parí sí han Dáníẹ́lì."