Kọnkéré Tí A Dà Sílẹ̀ ní Ìbà

Kọnkéré náà kò tíì gbẹ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi dé. Ọ̀kadà mẹ́ta. Àdá wà lọ́wọ́ wọn.

Dókítà Lọ́lá Ògúndìran ló ni iṣẹ́ náà. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ fún un. Òun àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Gánà àti Kútọnu ti fohùn ṣọ̀kan: kí oníkálùkù rì ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró abẹ́ ilẹ̀ mọ́ ìlú tirẹ̀, kí wọ́n lè jọ ya máàpù ibi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti lè wó ilé. Gánà ti ṣe tirẹ̀. Kútọnu pẹ̀lú. Láìsí ìkẹta, méjì kò lè sọ ibi tí ìró ti wá. Ìbà, ibi tiwa, ló kù.

Orí kọnkéré ni ẹ̀rọ náà máa ń jókòó. Ìṣẹ́gun, igbákejì Lọ́lá, fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gánà nìyẹn. Ní Ìbà, kọnkéré tó ní nọ́ńbà, òkúta ààlà ni. Ẹni tó rì í ti gba ilẹ̀. Ìdílé Ṣàkírù àti ti Fàtáì, tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ yẹn, sì ti pa ènìyàn nítorí rẹ̀.

Ṣàkírù ló ṣáájú àwọn tó gun ọ̀kadà dé.

"Fàtáì ló rán yín, àbí?"

"A ò mọ Fàtáì, ẹ̀gbọ́n," Lọ́lá fèsì. "Ẹ̀rọ ìmìtìtì ilẹ̀ ni."

"Ìmìtìtì? Màdáàmù, ó ti dé."

Ó gbá Lọ́lá létí. Ìṣẹ́gun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ṣá Ìṣẹ́gun ní itan, ó wọlé dé eegun. Mo fi ṣọ́bìrì lu orúnkún ẹnì kan, ó kán. Wọ́n lù mí ṣubú.

"Ẹ sinmi, Bàbá," ọ̀kan ní. "Ẹ má jẹ́ ká sin yín síbí lọ́fẹ̀ẹ́."

Ṣàkírù gbé àdá lé ọrùn Ìṣẹ́gun. Ó ní kí Lọ́lá fọ́ kọnkéré. Lọ́lá mú dígà, ó fọ́ ọ.

Wọ́n jẹ́ ká lọ. Lọ́lá fi ìborùn rẹ̀ di itan Ìṣẹ́gun. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Okokomaiko ni ilé ìwòsàn wà.

A kò tíì dé títì tí àwọn ọmọ Fàtáì fi dí ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́.

"Ṣàkírù ní kẹ́ ẹ fọ́ ọ, ẹ sì fọ́ ọ. Ẹ ti jẹ́rìí pé òun ló nilẹ̀. Ẹ padà lọ rì í."

"Ẹni yìí ń kú lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó!" Lọ́lá kígbe.

"Kó kú. Ẹ rì í ná."

Mo tẹ iná ọkọ̀ kí n lè kọjá. Wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú, wọ́n gún táyà. Ọkọ̀ dúró. Lọ́lá bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í ṣubú.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn na orí wọ inú ọkọ̀. Ó wo Ìṣẹ́gun. Ó fa orí jáde.

"Ó ti tán," ó ní.

Wọ́n ṣí ọ̀nà.

Fóònù Lọ́lá dún. Onímọ̀ ilẹ̀ ti Gánà ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ Ìbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró.

"Ẹ ya máàpù náà láìsí wa," Lọ́lá ní.

Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé orí Ìṣẹ́gun lé itan ara rẹ̀. Mo fi rímù wa ọkọ̀ lọ.