Adìẹ Tó ń Yọ Lẹ́yìn Gíláàsì

Ẹsẹ̀ adìẹ ló yọ lójú ìyá Sakinah. Ẹsẹ̀ pupa, teékánná-teékánná, ó ti abẹ́ etí olóògbé sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lábẹ́ gíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sakinah gbé férémù náà lé orí tábìlì Kúlúsúmù, ó sì yára fà sẹ́yìn bí ẹni tó gbé ejò kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ojú màmá mi. Mi ò fojú kan oorun lóru àná. Kí ni mo ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń bínú sí mi?"

Kúlúsúmù fa férémù náà sọ́dọ̀. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìwó wá sí Douala, lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, iṣẹ́ férémù ló ń ṣe ní àdúgbò New Bell yìí, kò sì rí irú èyí rí. Ó dojú férémù bolẹ̀, ó fi ẹ̀mú fa àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó sì ṣí bébà tó nípọn tí òun fi ti fọ́tò náà lẹ́yìn. Bébà ti mu ọ̀rinrin òjò yó. Ọ̀dà pupa tó wà lára rẹ̀ ló là kọjá sára fọ́tò.

"Ọ̀dà ni," ó ní. "Màmá ẹ ò bínú. Fọ́tò wọn ṣì wà lórí fóònù ẹ, àbí? N ó bá ẹ tẹ òmíràn."

Sakinah mí kanlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni àbí kí òun rẹ́rìn-ín, ó kàn dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bébà yìí kò ní ìtàn gígùn. Wọ́n wó ilé àtijọ́ kan lẹ́yìn ọjà, àwọn tó ń wó o bá ìdì bébà kan lókè àjà, Kúlúsúmù sì rà á lọ́wọ́ wọn, torí bébà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Àwòrán kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Adìẹ pupa ńlá kan wà lórí tábìlì, òyìnbó kan ń fi ọ̀bẹ gé apá rẹ̀, òyìnbó kejì ń gé itan, àwọn èèyàn dúdú wẹ́wẹ́ sì lúgọ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń retí egungun. Faransé ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, Kúlúsúmù kò sì lè kà á. Lójú tirẹ̀, ìpolówó ilé oúnjẹ ni. Ó tiẹ̀ ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé irú ilé oúnjẹ wo ni oníbàárà ti ń bára wọn du adìẹ báyìí. Ẹ̀yìn bébà funfun, funfun yẹn ló máa ń yí síta. Bí férémù bá kéré, á gé bébà mọ́ ọn. Bó bá tóbi, á fi odindi sí i. Lẹ́yìn náà á wá lẹ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, torí ọjà tó bá dáa, ẹ jẹ́ káyé mọ ẹni tó ṣe é.

Odindi kan ṣoṣo ló kù lábẹ́ tábìlì. Ó mú un, ó gbé e lọ bá Pàpá Elkanah ní ṣọ́ọ̀bù kejì, pé kó bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ọmọ ìlú ibẹ̀ ni Pàpá Elkanah, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, pijin ni òun àti Kúlúsúmù sì fi máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Fọ́tò bàbá rẹ̀ wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sì sí òmíràn láyé. Kúlúsúmù ló ṣe férémù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ìwà tútù bàbá náà.

Bàbá nu awò ojú rẹ̀. Ó wo bébà, ó gbójú sókè wo ògiri, ó tún wo bébà. 

"Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Mo rà á ni, Pàpá. Ṣé kì í ṣe ìpolówó adìẹ ni?"

"Kì í ṣe adìẹ, ọmọ mi. Ilẹ̀ wa nìyí." Ó fi ìka tẹ̀ lé e. "Ẹnu rẹ̀ nìyí ní àríwá, níbi adágún omi lọ́hùn-ún. Apá rẹ̀ nìyí, ní ọ̀nà Buea. Gẹ̀ẹ́sì ló ń gé apá, Faransé ló di itan mú. Kí a tó gba òmìnira, àwọn tó ń jà fún un máa ń lẹ bébà yìí mọ́ ara ilé káàkiri. Bàbá mi wà nínú wọn. Àwọn òyìnbó wá mú un, a ò sì rí òkú rẹ̀ sin."

"Ṣebí tàtijọ́ nìyẹn."

"Àtijọ́ kẹ̀? Orí apá yìí kan náà ni ìbọn ń dún lé lónìí, torí àwọn kan fẹ́ yà á kúrò. Ìwọ ọmọ Nàìjíríà, bí wọ́n bá bá àwòrán ibi tí wọ́n ti ń gé apá ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ, o máa ní adìẹ lo rò pé ó jẹ́?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sun ún. Gbogbo rẹ̀ pátá ni kó o sun."

 Kúlúsúmù rántí férémù tó tóbi jù lọ lọ́dún yìí, èyí tó ṣe fún àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Bonabéri, lódìkejì odò, ṣáájú àjọ̀dún orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣe ní oṣù karùn-ún. Àwòrán olórí orílẹ̀-èdè ni. Odindi bébà ló fi tì í lẹ́yìn, adìẹ, ọ̀bẹ, òyìnbó àti gbogbo rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Òjò kò sì dá láti ìgbà náà.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ má jẹ́ kí n fi í pamọ́, ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sórí àpótí irin bàbá náà láìbéèrè. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn obìnrin tó ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní àdúgbò PK8, kò gbọ́ Faransé ju kó kí èèyàn lọ. Bí wọ́n bá mú òun, ta ni yóò gbé abọ́ tòun wá? Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó ní láti lọ yọ bébà yẹn fúnra rẹ̀.

Ó fi bébà yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, ó gbé páálí funfun, ẹ̀mú àti ìṣó sínú báàgì, ó sì gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíkìn. Lórí afárá Wouri, àwọn agbófinró ń dá èèyàn dúró. Wọ́n tú báàgì rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ń ka Àyátù-Kúrúsíyù lábẹ́ èémí, ó sì ń ṣì í kà.

Ọlọ́pàábìnrin kan, Vanessa, ló wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà. "Màdáàmù Kádà," ó ní, torí kádà ni wọ́n ń pe férémù níbẹ̀, "ọ̀gá ń wá ẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pè ẹ́ ni."

 Inú Kúlúsúmù sọ fún un pé kó sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọlé.

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Táwẹ̀lì ni wọ́n fi bo àwòrán tó wà lára ògiri. Ó ká etí táwẹ̀lì sókè díẹ̀, Kúlúsúmù sì rí ìlà pupa kan tó ti abẹ́ etí olórí orílẹ̀-èdè wá dé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì.

"Kí nìyí?" Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òógùn sì bò ó. "Ó dà bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa láti òkè ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Bí wọ́n bá bá ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn olórí nínú ọ́fíìsì mi, ta ló máa gbà pé mi ò mọ nǹkan kan?"

Kúlúsúmù wò ó. Ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù ju òun lọ.

"Ọ̀rinrin ni, ọ̀gá. Mo ti mú páálí tuntun wá."

Ọ̀gá ti wá àwòrán tuntun, ó wà ní kíká nínú dúrọ́ọ̀. Kúlúsúmù sọ férémù kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ láé pé òun dúró wo olórí níbi tó ti dojú bolẹ̀. Ọlọ́run ló fi ẹ̀rù ọkùnrin yẹn bo Kúlúsúmù láṣìírí. Ó fa ìṣó yọ, ó ṣí bébà, odindi adìẹ sì ń wò ó. Ó ń ká a, bébà ń dún, òun náà ń wúkọ́ bò ó. Ó tì í bọ abẹ́ híjáàbù, ó fi ìró dè é mọ́ ikùn.

"Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀?" Ọ̀gá kò yíjú padà.

"Ọ̀rinrin nìkan ni, ọ̀gá."

Ó fi àwòrán tuntun àti páálí sí i, ó kan férémù náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lẹ orúkọ mọ́ ọn. Ọ̀gá gbé àwòrán alábàwọ́n náà wọ kọ́bọ́ọ̀dù láìwò ó, ó sì tì í pa.

Nígbà tí ó dé orí afárá padà, wọ́n tún dá a dúró, wọ́n tún tú báàgì. Bébà ti gbóná mọ́ ọn níkùn. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ lójijì, àwọn agbófinró sá bọ́ sábẹ́ àtíbàbà wọn, bẹ́ńsíkìn sì sáré lọ.

Pàpá Elkanah ti dá iná sínú agolo ńlá dè é. Wọ́n sun odindi méjèèjì, wọ́n sun ẹsẹ̀ adìẹ tó wà lójú ìyá Sakinah. Bàbá ń fi irin rú u. Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí ro àwọn férémù kéékèèké tó ṣẹ́ kù káàkiri New Bell, pé òun á gbà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á ní òjò ló bà wọ́n jẹ́. Bó ṣe ń rò ó ló gbójú sókè. Ní èjìká ọ̀dọ́kùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà lára ògiri, nǹkan pupa kan ti ń yọ, ó ń tẹ́ bí ìyẹ́.

Ó wá rántí. Bébà tó ti gé ẹsẹ̀ fún Sakinah, inú rẹ̀ náà ló ti gé apá fún bàbá yìí.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀mú. Pàpá Elkanah di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀."

"Pàpá, ẹ̀yin lẹ ní ká sun gbogbo rẹ̀."

"Èmi ni." Kò tú ọwọ́ Kúlúsúmù sílẹ̀. "Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wo pupa yẹn. Mo ti rò pé ojú mi ló ń lọ. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú bàbá mi lọ nìyẹn, mi ò lè sun ún."

Kúlúsúmù rántí bí bàbá ṣe wo ògiri láàárọ̀, kó tó bi òun níbi tí òun ti rí bébà náà. Kò mọ̀ nígbà náà pé pupa yẹn ló ń wò.

Bàbá dìde, ó fa ilẹ̀kùn páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú, kí àwọn tó ń kọjá má baà rí ògiri. Ilẹ̀kùn náà há sí agbedeméjì. Orúkọ Kúlúsúmù wà lẹ́yìn férémù yẹn náà, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á síbẹ̀. Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, wọ́n sì jọ fà á dé ilẹ̀.